Ẹ̀rí Èké Adérónkẹ́

Nígbà kan, bí o bá dé Ilare ní Ilé-Ifẹ̀, tí o béèrè obìnrin tí Ọlọ́run wo HIV rẹ̀ sàn, ṣọ́ọ̀bù Adérónkẹ́ onídìrí ni wọn yóò júwe fún ọ. Wọn kò tíì mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni.

Ní ọsibítù tó ti ń gba oògùn, nọ́ọ̀sì ló sọ fún un pé, "Àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ yín mọ́. Oògùn ló ká a lọ́wọ́ kò, ó ṣì wà lára o. Ẹ má dá oògùn dúró. Ẹ sì wá ká yẹ ọrùn ilé-ọmọ yín wò, torí ọgbẹ́ ibẹ̀ máa ń tètè di jẹjẹrẹ lára obìnrin tó ní HIV."

Adérónkẹ́ mú gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìyókù sílẹ̀ sí ọsibítù. Ìjọ hó gèè. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn obìnrin.

Láti ọjọ́ náà, Òṣogbo ló ti ń gba oògùn, kí ará ìjọ má baà rí i. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gbé e mì. Àyẹ̀wò ilé-ọmọ ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ dá a láṣà.

Fisáyọ̀mi, ọmọ ìjọ kan náà, ní HIV pẹ̀lú. Ó gbọ́ ẹ̀rí yẹn, ó dá oògùn dúró, ó kẹ̀yìn sí ọsibítù. Nígbà tó yá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Ó ti rù, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lójú ara rẹ̀.

"Àǹtí Rónkẹ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Ó jọ pé ìgbàgbọ́ mi ni ò tó tiyín."

Ẹ̀rí ọkàn Adérónkẹ́ ń nà án. Òun àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò.

"Fisáyọ̀, mo parọ́. Mo ṣì ń lo oògùn tèmi. Ọwọ́ mi ló fà ọ́ síbi tó o wà yìí."

Fisáyọ̀mi sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Orúkọ Jésù lẹ fi parọ́, Òun náà ló sì kú fún yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́."

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni Adérónkẹ́ ti fi ayé rẹ̀ fún Olúwa, láìsí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, àwọn méjèèjì sì ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ. Ti Adérónkẹ́ mọ́. Ti Fisáyọ̀mi ti di jẹjẹrẹ. Ó ti padà sídìí oògùn HIV rẹ̀, ó sì ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ náà. A kò tíì mọ ibi tí yóò já sí.

Adérónkẹ́ jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, ó sì gbé ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í. Síbẹ̀, ó máa ń sunkún bó bá tẹ̀ lé Fisáyọ̀mi lọ gba ìtọ́jú.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, HIV kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Adérónkẹ́. Àìsàn ni, ó sì ní oògùn. Irọ́ tó fi wá ìyìn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí ni ìwọ ń bò mọ́lẹ̀? Ta ló gbà ọ́ gbọ́? Ronú pìwà dà lónìí, Jésù yóò dárí jì ọ́. Kí o sì dìde, kí o wá ẹni náà lọ. Olúwa ti ń mú sùúrù fún ọ; ẹni tó gba irọ́ rẹ gbọ́ lè má ní àkókò.