Ohùn Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé

Ọmọbìnrin náà gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé níbi ìdánrawò eré, ẹnì kan sì rán an létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ara bàbá rẹ̀ bù máṣọ. Àga ẹ̀yìn aṣọ yẹn ti ṣófo láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun ló sì máa ń jókòó síbẹ̀ tó ń rán àwọn òṣèré létí.

Bàbá yìí ló kọ eré náà. Bàbá Ẹkún ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá ní kó kọ eré ìgbéyàwó, á ti pa ọkọ ìyàwó kí oúnjẹ tó délẹ̀. Nínú eré yìí, aya kan ń kú lọ, ọkọ á dì í lọ́wọ́ mú, á ní, "Máa lọ, mo ti gbà." Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó tirẹ̀, ó gé gbólóhùn yẹn kúrò. Ní báyìí, ọkọ á pè é, aya á dìde, á béèrè omi. Irọ́ ni, bàbá sì mọ̀, síbẹ̀ ó ń tù ú nínú.

Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ohùn yẹn ló ti gba ipa ọkọ ṣe fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì ń ṣe aya. Á mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀, bí ọmọdé tó ń dọ́gbọ́n sunkún kí ìyá rẹ̀ lè gbé e.

"Bàbá, ohùn Màmá ti ń há," ọmọ rẹ̀ rọra sọ ní yàrá ìmúra. "Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

"Tí ìyá ẹ bá lọ sinmi, ohùn ta ni kí n máa gbọ́?"

Lọ́jọ́ tí èrò wá wòran, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Eré dé ìparí. Ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ń retí kó pe òun dìde. Bàbá tún ṣe bí ẹni gbàgbé, ó dẹtí.

Ohùn náà dé, ó ti há pátápátá. "Máa lọ, mo ti gbà."

Bàbá mi orí. Ohùn náà tún un sọ, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé ẹ̀bẹ̀ ni ìyàwó òun ń bẹ̀ òun. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Máa lọ," ó ní. "Mo ti gbà."

Àga kan ha ilẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìró ẹsẹ̀ rọra ń lọ. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó dẹtí. Ó dẹtí títí àwọn èrò fi ń kùn, títí ọmọ rẹ̀ fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì fà á lọ́wọ́ kúrò lórí ìtàgé.