Ohun Tí Oníṣẹ́ Awọ Ń Gbé Rìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí akéde kọ́ọ̀tù wọ àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣẹ́ awọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó na awọ ewúrẹ́ pupa sórí itan, ó ń fi òòlu lu ihò sí etí rẹ̀. Akéde náà dé fìlà pupa, ó wọ ṣòkòtò kaki tó dé orúnkún, agogo kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Adájọ́ kí gbogbo yín o," ló wí. "Ó ní ogun ti parí. Ìjọba ló ń ṣọ́ ọ̀nà báyìí. Kí gbogbo ẹni tó bá ní ìbọn, idà tàbí ọ̀bẹ olójú méjì kó o wá sí kọ́ọ̀tù kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni."

"Ẹ bá wa kí adájọ́," ni oníṣẹ́ awọ dáhùn láìgbójú sókè. "Ṣé ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́ṣà náà pé ogun ti parí?"

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó ń dùn ún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, nínú ọmọ mẹ́rin ó ku obìnrin kan ṣoṣo, oyún oṣù méje sì wà nínú ọmọ náà. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la ojú irin, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí ilé. Ó ti ránṣẹ́ pé kí ìyàwó òun wá bímọ sọ́dọ̀ òun. Oníṣẹ́ awọ sì ti búra pé òun fúnra òun ni òun máa fi ọmọ òun lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Kì í ṣe ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kùmọ̀ lásán ló máa ń gbé. Nígbà náà, bí ènìyàn bá jà, orí fífọ́ ni òpin rẹ̀, ẹni tó lù ọ́ lánàá ló máa bi ọ́ lónìí pé ṣé ara ti le. Ìgbà tí ogun dé, tí ọ̀nà kò ṣeé rìn àfi ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kùmọ̀ di ohun tí wọ́n fi ń lé ajá. Ó ra idà méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta gàárì àti àpò awọ. Ó rán àkọ̀ méjèèjì fúnra rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì, gbogbo ọ̀wọ́ èrò ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlú tó wà lójú ọ̀nà wọn ní òfin kan. Àlejò kò gbọdọ̀ wọlé láìfi okùn di èékù idà mọ́ àkọ̀, oníbodè á sì fà á wò kó tó ṣí ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dé ẹnubodè, okùn wọn ti já. Olórí ọ̀wọ́ ń pariwo pé oòrùn ti ga. Oníṣẹ́ awọ gé awọ tútù tó rẹ sínú omi, ó fi di idà méjèèjì, wọ́n sì kọjá. Kò sí ọmọ iṣẹ́ awọ kankan tí kò mọ̀ pé awọ tútù máa ń súnkì bí ó bá ń gbẹ. Òun náà mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ìkánjú ni kò jẹ́ kó rántí.

Wọ́n gba ìlú náà kọjá, wọ́n jáde sínú oòrùn. Nígbà tí ọlọ́ṣà fi máa yọ sí wọn nínú igbó, awọ náà ti le bí irin. Òun fi eyín já tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fà á, fà á, kò já. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èékù náà títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà, oníṣẹ́ awọ kò fi okùn di ohun ìjà mọ́. Ó gbé idà kọ́ sára ògiri, ó mú ọ̀bẹ olójú méjì kan tí àkọ̀ rẹ̀ ṣí gbayawu, ó ń gbé e lọ sóko, ó ń gbé e lọ bálùwẹ̀. Nígbà tí ìbọn dé, ó ra ìbọn. Ó gbé e títí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Oníbọn, títí di ọjọ́ tí àwọn méjì dá a lọ́nà, tí wọ́n sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tán kó tó ki ẹ̀tù sí i. Ló bá tún padà sí ọ̀bẹ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ní ọjọ́ kẹta tí akéde dá, ó kó idà àti ìbọn lọ sí kọ́ọ̀tù.

"Bàbá, ṣé ó tán?" ni akọ̀wé bi í.

"Ó tán, akọ̀wé."

Ọ̀bẹ náà wà lábẹ́ apá rẹ̀ nígbà tó ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, ọmọ rẹ̀ rí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀bẹ iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ mú. Òfin ò kọ ìyẹn."

"Ọ̀bẹ iṣẹ́ ń gé awọ ni, ọmọ mi. Kò gbèjà ẹnikẹ́ni."

Wọ́n rin ọjọ́ méjì láìrí ewu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n rí igi tí àwọn ọlọ́pàá fi dí ọ̀nà níwájú. Wọ́n ń tú ẹrù, wọ́n ń fọwọ́ pa ara àwọn ọkùnrin wò. Ọmọ náà dúró.

"Bàbá, ẹ jù ú sígbó. Wọn ò tíì rí wa."

Àyè ṣì wà. Ó ti fọwọ́ kan èékù ọ̀bẹ náà. Ṣùgbọ́n ó ku ìdajì ọjọ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkọ ọmọ rẹ̀, igbó ọ̀nà náà sì dí, ó rántí ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Kò lè jù ú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò lè purọ́: ẹ̀rù ló mú un, ó sì pe ẹ̀rù náà ní ìfẹ́. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ sókè," ni ọlọ́pàá wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan an, ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe báyìí? Ẹ wo ọmọ yín pẹ̀lú oyún yìí."

Ọmọ náà ní òun á tẹ̀ lé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Oníṣẹ́ awọ kọ̀.

"Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ ni kó o máa lọ. Kò jìnnà mọ́. Tẹ̀ lé àwọn obìnrin aláṣọ tí a jọ ń bọ̀ lọ́nà yẹn."

"Wọ́n máa yà ní oríta, Bàbá."

"Láti oríta síbẹ̀, ìrìn díẹ̀ ni."

Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Bàbá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọ̀nà fi yí.

Ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n gbọ́ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n sì fún un ní òòlu àti awọ. Ọdún méjì gbáko ló fi ń rán bẹ́líìtì àti àpò kóńdó fún àwọn ọlọ́pàá tó mú un. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́. Bó ṣe ń rán an ló ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ-ọmọ rẹ̀: báyìí ó ti ń jókòó, báyìí ó ti ń rìn, báyìí ó ti lè pe ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ojú irin ló gbà lọ tààrà. Ó bá káfíńtà nídìí iṣẹ́, ó ń rẹ́ pákó. Bó ṣe rí i, ó ju ayùn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Mo ti ń retí yín láti ìgbà yìí wá. Mo ní bóyá ọ̀dọ̀ yín ló ti bímọ, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí ọmọ gbó díẹ̀." Ó dìde, ó ń wo ẹ̀yìn bàbá lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Wọ́n jọ wá ọmọ náà fún oṣù mẹ́rin, wọn kò rí i. Àwọn obìnrin aláṣọ ní àwọn kí i pé ó dàbọ̀ ní oríta, ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Oníṣẹ́ awọ padà sílé, ó darúgbó, ó sì máa ń dá gba ọ̀nà yẹn lọ, ó ń dá gba ibẹ̀ bọ̀. Àwọn aládùúgbò bẹ̀ ẹ́ pé kó tiẹ̀ mú ọ̀pá kékeré kan dání, nítorí ọlọ́ṣà kò tíì tán.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ló dá wọn lóhùn. "Ta ló kù tí mo fẹ́ gbèjà?"