Yàrá Mwanesha Lórí Ògiri Àtijọ́

Bí Mwanesha ṣe bojú wolẹ̀ láti òkè ilé wọn, níbi tó ti ń sá aṣọ, ló rí ọkùnrin kan tó lẹ etí mọ́ ògiri, tó ń fi ìka kàn án, kó, kó, kó. Ọkùnrin náà rẹwà, bẹ́ẹ̀ ẹfun ti kun gbogbo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ni ògiri wa sọ fún yín?"

Ó gbójú sókè, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó ní ara òun ò yá. Ó tún ní ọmọbìnrin ilé yìí máa ń tojú bọ ọ̀rọ̀ àlejò."

"Irọ́ ni! Ògiri wa kì í ṣòfófó."

Shekuwe lorúkọ rẹ̀, bíríkìlà àjọ aláàánú tó ń tún erékùṣù tí Mwanesha ń gbé ṣe. Àwọn kan nínú wọn ń gbin igi ẹ̀gbà padà sétí omi, àwọn bíi Shekuwe ń fi ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta òkun tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ má bi mí iye ìgbà tí Mwanesha sá aṣọ. Èyí tó mọ́ pàápàá, ó tún un fọ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà ilé Shekuwe wá tọrọ Mwanesha, inú Mzee Lali, bàbá rẹ̀, dùn dẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wọn, ọkọ ló ń kó wá bá ìyàwó, bàbá ìyàwó ló sì ń kọ́ yàrá wọn.

"Òkè ilé yìí ni mo máa kọ́ tiyín sí," ni bàbá wí. "Mo ti ra sìmẹ́ǹtì. Kí ààwẹ̀ tó dé, ẹ ti wọlé."

Shekuwe fọwọ́ kan ògiri. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ògiri yìí lè ru ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ru yàrá sìmẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹfun tún un ṣe, kó gbẹ dáadáa, kí òjò sì lọ."

"Ìyẹn á tó ọdún kan!"

"Ó máa tó o, Bàbá."

"Àna mi ló kọ́ ilé yìí fún ìyàwó mi tó dolóògbé, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ! Lo wá ń bú u lójú mi? Àbí ọmọ mi ti sú ọ? Bunu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí àṣà wa gbà kó fẹ́ ẹ, ti ń tọrọ rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló máa bá mi fi mọ yàrá yẹn. Jáde!"

Mwanesha sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omijé. "O ò kúkú panu mọ́! À bá ti ṣègbéyàwó."

"Olólùfẹ́ mi, abẹ́ òrùlé yẹn lo máa sùn. Bó bá wó ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá fi mí fún Bunu ńkọ́?"

"Ọkàn mi á bàjẹ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n bẹ Bunu kó má kọ́ ọ sórí ògiri yẹn."

Mzee Lali ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó rọra jáde, ó fi èékánná họ ògiri. Ògiri náà dà sí i lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Ó yíjú sí Shekuwe.

"Ọdún kan lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Màá dúró."

"Ta ló ní kó o dúró? Ẹ gba yàrá tèmi nísàlẹ̀. Èmi náà, inú rẹ̀ ni mo ti wá bá ìyá Mwanesha. Mo lè sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí tiyín á fi parí. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó."

"Bàbá, ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ̀?" Ẹkún gba ohùn Mwanesha.

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Ẹni tó gbà kóun pàdánù ìwọ kó o lè sùn láìséwu, ṣé òjò ni màá fi dá a dúró?"