Ìyẹ̀fun Funfun Tí Kò Níṣẹ́

Ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Ọwọ́-Yá ti bá ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà náà fẹ̀yìn ti ògiri, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọ inú lọ. Ọmọ rẹ̀ pè é títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé kí wọ́n po ọ̀kan sí i fún òun, kí ìdọ̀tí yẹn lè jáde tán.

Ọ̀kan tó ń bèèrè ni Ara-Líle, ìyẹ̀fun afúnnilókun inú ọ̀rá pélébé tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu láàárọ̀. Orúkọ oògùn náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tó ń tà á. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó máa ń wọ aṣọ funfun bíi dókítà, ó máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, irọ́ ẹnu rẹ̀ sì dán ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọwọ́-Yá gan-an ló ń bá a po oògùn náà. Nítorí pé kò sẹ́ni tó yára di ọ̀rá bíi tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá rẹ̀ fún un ní páálí kan lọ́fẹ̀ẹ́, pé kó gbé e fún ìyá rẹ̀ tí eegun ń dùn. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Nígbà tí inú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ló ń jáde," ni Ara-Líle wí. "Tí inú wọn ò bá ṣí ló yẹ kó o bẹ̀rù. Fún wọn ní mẹ́ta lóòjọ́."

Ó fún un ní mẹ́ta lóòjọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tú ọ̀rá, òun ló ń rò ó. Bí ìyá bá sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bá a wí bí ẹní ń bá ọmọdé wí.

Ní ilé ìwòsàn tó sáré gbé e lọ lọ́jọ́ tó bá a nílẹ̀ yìí, wọ́n wá iṣan ìyá tì, kí wọ́n tó rí ibi kan gún láti fa omi sí i lára. Dókítà obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yí ọ̀rá oògùn òfìfo tí Ọwọ́-Yá mú dání síwá sẹ́yìn.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Gbòǹgbò igi lílọ̀, mà. Àti ìyẹ̀fun funfun kan. Àmọ́ ọ̀gá wa ní funfun yẹn ò níṣẹ́ kankan, kí ọ̀rá lè kún ni."

"Báwo lẹ ṣe ń pò ó?"

"Ife kan gbòǹgbò, ọpọ́n kan funfun."

Dókítà gbójú sókè. "Ẹ ti tọ́ ọ wò rí?"

"Ó dùn. Ó ń rùn bíi mílíìkì ọmọ ọwọ́." Ọwọ́-Yá gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti kékeré ni inú ìyá rẹ̀ kì í gba mílíìkì. Gbogbo ilé ló mọ̀.

"Kò sóhun tó wọ inú ènìyàn tí kò níṣẹ́," ni dókítà wí. "Tí mo bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣúgà inú mílíìkì ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀gá yín sì ti fi ayédèrú ṣúgà lù ú. Ìyẹn ń ṣí inú ẹni tí mílíìkì ò ṣe ní nǹkan pàápàá."

Àṣìṣe tí Ọwọ́-Yá wá ṣe ni pé ó tún pe ọ̀gá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá dókítà sọ̀rọ̀. Ara-Líle gbọ́ "dókítà," ó pa fóònù.

Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí dókítà ránṣẹ́ pè dé kí omi àkọ́kọ́ tó kán tán. Obìnrin ọlọ́pàá kúkúrú kan ni, tó ti ń dọdẹ Ara-Líle láti ìgbà tí bàbá arúgbó kan ti ìgbẹ́ gbuuru kú sórí ibùsùn rẹ̀.

"Ìwọ lo pò ó?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ìyá rẹ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí ni ò jẹ́ kí n de ọ lọ́wọ́. Dìde, mú mi lọ."

Wọ́n bá ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ ní ṣíṣí. Fáànù ń yí, tíì orí tábìlì ṣì ń gbóná, ẹni tó ni ín ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti rí páálí oògùn mìíràn tí Ọwọ́-Yá ò fojú kàn rí: Dá-Inú-Dúró. Ẹfun lílọ̀ lásán ni. Àwọn tí oògùn àkọ́kọ́ bá ṣe lọ́ṣẹ́ ló ń ta èyí fún. Ìkà ènìyàn, ó ń dá egbò síni lára, ó tún ń ta àgúnmu egbò.

Obìnrin onísọ́ọ̀bù òdìkejì sọ pé ìbùdókọ̀ ló sá gbà. Ní ìbùdókọ̀, wọ́n ní bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ti jáde. Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lé bọ́ọ̀sì náà, ó ń lu ìdí ọkọ̀ wọn kó lè sáré, bí ẹní ń na ọmọ olóríkunkun.

Bọ́ọ̀sì náà kò jìnnà. Wọ́n bá a ní ilé epo kan lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn èrò dúró káàkiri, wọ́n ń kùn. Ara-Líle rí ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pápá gbalasa, fèrèsé rẹ̀ sì gba ènìyàn. Ó ti yọ orí àti èjìká síta nígbà tí eérú bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹni tó dà á.

Ahun ni Ara-Líle. Ọ̀rá oògùn ló fi san owó ọkọ̀, awakọ̀ sì ti mu ún kí wọ́n tó gbéra. Awakọ̀ náà, tí inú rẹ̀ ló dá ọkọ̀ dúró, ló tún ń sáré bọ̀ báyìí, ó di ikùn mú, òógùn bò ó.

"Ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹnì kan wà níbí."

"Bàbá rẹ ni ì báà wà níbẹ̀, jáde!"

Èjìká rẹ̀ ló fi wó ilẹ̀kùn náà. Ó di Ara-Líle ní ẹsẹ̀, ó fà á wálẹ̀, ó jù ú síta sí ẹsẹ̀ ọlọ́pàá, ó sì jókòó síbi tó ń lọ láìwẹ̀yìn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ara-Líle tún ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ gbé wọ̀. Ó ní àwọn ọ̀tá ló ń lé òun. Ó ní òun fúnra òun ń mu oògùn náà láràárọ̀.

Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tú ọ̀rá kan sínú ife omi, ó rò ó, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Mi ò ní fipá mú ọ. Mu tòní."

"Mo ti jẹun, mà."

"Mu ún."

Ara-Líle wo ife náà pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò kàn án. "Inú mi kì í gba mílíìkì."

"Ta ló sọ pé mílíìkì ni?"

Ìgbà tó máa lanu, kò sí ohùn pẹ̀lẹ́ mọ́. Ó ní inú ara òun ló kọ́ òun ní iṣẹ́ náà: ẹni tí nǹkan kan ò ṣe kì í padà wá rà, ẹni tí inú rẹ̀ bá ń ṣí ló ń gbà pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

"Bàbá arúgbó tó kú?"

"Ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo ní kó fi kún un."

"Ìyá òṣìṣẹ́ rẹ? O mọ̀ pé wọn kì í mu mílíìkì?"

"Ọwọ́-Yá ti sọ fún mi rí. Omi ti kán sí páálí yẹn, kò ṣeé tà mọ́."

Ọwọ́-Yá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ. Inú bí i débi tí kò fi lè sunkún.

Nígbà tó padà dé ilé ìwòsàn, ọmọ bàbá tó kú ti wá jókòó ti ìyá. Ó gbọ́ pé wọ́n ti mú Ara-Líle, ó ń nu ojú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ojú ìyá ti là. Ọwọ́-Yá kúnlẹ̀.

"Màámi, ọwọ́ mi ló po gbogbo rẹ̀."

Ọwọ́-Yá po omi tí dókítà ní kí wọ́n máa fún un, ó gbé ife náà dé ẹnu rẹ̀. Ìyá pa ètè dé. Ó wo inú ife, ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Omi, iyọ̀ àti ṣúgà, Màámi. Kò sí nǹkan míì."

"Mu ún kí n rí i."

Ọwọ́-Yá mu ún, ó gbé e mì. Ìyá ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ tí egungun rẹ̀ yọ, ó gba ife náà fúnra rẹ̀, ó sì mu.