Wákàtí Méjì, Ẹ̀ẹ̀kan Lóṣù

Rúlà ni Morádéún kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ọkùnrin tó mú un dání. Ó wọ ọ́fíìsì wọn ní Wharf Road pẹ̀lú máàpù tó ti gbó, epo ẹ́ńjìnnì dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Morádéún ló ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

"Oyèníran lorúkọ mi. Mẹkáníìkì ni mí, láti Ajégúnlẹ̀. Erékùṣù Ascension ni ọkọ̀ wa wà. Mo ti wọn ọ̀nà náà: láti pápákọ̀ erékùṣù Saint Helena débẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Wákàtí méjì péré. Ọ̀la ni kí n gbéra."

Ẹ̀rín pa Morádéún. "Wákàtí méjì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni bàálù ń fò ó. Tẹ́ ẹ bá lọ lọ́la, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ó fi máa wo òkun."

"Ha! Madam, no vex. Ẹ wá bá mi wá nǹkan tí màá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe níbí."

Ó rí nǹkan fi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sin Morádéún dé Olódì-Apápá, tí wọ́n á jọ máa jiyàn, tí wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọjọ́ ìrìn-àjò pé, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ ju ọwọ́ ẹnì kejì sílẹ̀.

"Ìyá Bàálù, ṣé wàá dúró dè mí?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ rẹ wà lọ́wọ́ mi, o tún ń bi mí!"

Bàbá Dáramọ́lá, bàbá Morádéún, tó ti ṣe fọ́míìnì ní wáàfù fún ọgbọ̀n ọdún, kò fẹ́ àna tí ń gbé orí omi. "Èmi kì í fi ọmọ fún fọ́tò. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kó wá fi àyà ara rẹ̀ kanlẹ̀. Bí kò bá wá, ó parí nìyẹn."

Lóṣù kẹfà lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, Morádéún mú Sátidé kan fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí bàálù á ti gbé Oyèníran dé ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ atẹ́gùn líle jà ní Saint Helena, bàálù tí ń gbéni láti ibẹ̀ lọ sí Johannesburg kò gbéra fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé náà, ẹbí méjèèjì ti jókòó, àga ọkọ ìyàwó ṣófo. Ṣayọ̀, ẹ̀gbọ́n Oyèníran, dìde láti dọ̀bálẹ̀ dípò àbúrò rẹ̀.

"Jókòó!" ni Bàbá wí. "Àbí ìwọ lo fẹ́ gbé e níyàwó?"

Morádéún kúnlẹ̀. "Dádì, ó ti kúrò ní Johannesburg láàárọ̀ yìí. Aago mẹ́ta ni yóò balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un di aago mẹ́fà."

"Bí aago mẹ́fà bá lù ńkọ́?"

"Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

"Ẹ bo oúnjẹ di aago mẹ́fà," ni Bàbá wí.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méje ni géètì ṣí gbàgà. Oyèníran sáré wọlé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó na ara rẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, eruku sọ.

Bàbá kò ní kó dìde. "Ṣé wàá tún padà sórí omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò lè purọ́ fún yín. Màá lọ, màá sì máa bọ̀ wálé."

Bàbá ṣí àwo oúnjẹ fúnra rẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Ìyàwó rẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀."