Ọkùnrin tí Òrí Kò Yọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ajá mẹ́ta tó ti ń gbó láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọkùnrin kan bá yọ láti inú kùrukùru ọyẹ́.

Ọ̀ṣuntọ́lá ń po òrí lọ́wọ́ nínú ọpọ́n ńlá ní abà bàbá rẹ̀, lẹ́bàá Èsìé. Ó gbójú sókè. Ọkùnrin náà kò lẹ́wà. Ojú rẹ̀ ti wọnú, egungun èjìká rẹ̀ yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dún lórí ewé gbígbẹ.

"O kú iṣẹ́," ni ó wí.

"Òo. Ṣé ènìyàn ni ọ́, àbí kí n sá?"

"Tí o bá fẹ́ sá, sá. Ṣùgbọ́n fún mi lómi kí o tó lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọ̀ṣuntọ́lá kó tó mọ̀. Ó gbé omi fún un, ó sì ti àpótí sí i kó jókòó.

Ògúnbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òmù-Àrán. Ó lo ọdún mẹ́rin lójú ogun Kírìjì. Níbẹ̀ ni àìsàn ti dá a dúró, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù ara wọn. Wọ́n rí òkú kan tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n rò pé òun ni. Wọ́n gé irun àti èékánná òkú náà, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e wálé fún ìyá rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá kú sójú ogun. Mọ́láyọ̀, ìyá rẹ̀, sin ìdì náà sínú yàrá. Ó ṣọ̀fọ̀, ó parí ọ̀fọ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ sí ojú oórì náà láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé.

"Kí ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n rí ọ?"

"Wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n ní àkúdàáyà ni mí, òkú tó ń rìn láàárín alààyè. Ìyá mi gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n máa padà lọ bá bàbá mi lọ́run."

"O jẹ ẹ́?"

"Oúnjẹ òkú ni. Tí mo bá jẹ ẹ́, mo ti gbà pé mo kú nìyẹn."

Ọ̀ṣuntọ́lá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti là. Ó bu òrí díẹ̀, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pé kó fi pa á. Kò sí ọyẹ́ tó le débi pé òrí kò ní yọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Òrí náà funfun, ó le, kò tilẹ̀ dán.

"Ìwọ náà ti rí i," ni Ògúnbọ̀dé wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀ṣuntọ́lá dìde, ó sì sá.

Ó sá dé ẹ̀yìn abà, níbi tí Ajíbóyè, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, ti ń kun àgbọ̀nrín. Ikùn ẹran náà ṣí sílẹ̀. Kò sí ohun funfun kankan nínú rẹ̀.

"Wo bó ṣe gbẹ," ni Ajíbóyè wí. "Ebi ti jẹ gbogbo ọ̀rá rẹ̀ tán. N kò yìnbọn, ilẹ̀ ni mo ti gbé e. Ó ṣì ń mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti tutù bí omi àmù."

"Ó ń mí, ó sì tutù?"

"Kí ló fẹ́ mú un gbóná?"

Ọ̀ṣuntọ́lá padà. Ògúnbọ̀dé kò tíì kúrò níbi tó wà. Òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí ọ̀rá lára rẹ ni," ni Ọ̀ṣuntọ́lá wí. "Ọ̀rá abẹ́ awọ ló ń dá ooru dúró sínú ara. Òun náà ni oúnjẹ tí ara ń fi pamọ́ de ọjọ́ ebi. Tìrẹ ti tán. Ara rẹ ti ń jẹ ẹran ara rẹ̀ báyìí."

"Ṣé kí n máa jẹ òrí ni?"

"Ṣé ewúrẹ́ ń jẹ òrí ni? Èèpo iṣu la ń fún un, síbẹ̀ tí a bá pa á, ọ̀rá á yí kíndìnrín rẹ̀ ká. Oúnjẹ tó bá ju èyí tí ara máa ná lọ, ara á sọ ọ́ di ọ̀rá. Jókòó síbẹ̀, òkú."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Jẹun nígbà náà."

Ẹ̀kọ mímu ló kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, nítorí ikùn tí ebi ti pa pẹ́ kì í gba púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó fún un ní iṣu, ẹ̀pà àti yànmọ̀tí. Láràárọ̀, kó tó jí i, yóò kọ́kọ́ fi etí sí imú rẹ̀ wò. Àwọn tó ń kọjá lọ́nà oko ń da eérú sẹ́yìn ara wọn kí òkú má baà tẹ̀lé wọn. Àwọn obìnrin kò ra òrí rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó ń bọ́ òkú ló pò ó.

"Ọmọ mi," ni Ajíbóyè wí, "ṣé òkú lo fẹ́ fẹ́?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

"Ìyá tó bí i ní ó ti kú. Bí ìyá náà kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun yè, n kò lè fi ọ́ fún un. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, yóò kúrò ní abà mi."

 Ọ̀ṣuntọ́lá lọ bu oúnjẹ kún ti ọkùnrin náà.

"O kò bẹ̀rù mi mọ́?" ni Ògúnbọ̀dé bi í lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti jọ ń pa kóró òrí.

"Mo ń bẹ̀rù. Mo kàn fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù lọ ni."

"O mọ̀rọ̀ọ́ sọ."

"N kò mọ̀ ọ́n sọ. Jẹ ẹ̀pà rẹ."

Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run kọ́kọ́ ṣú, Mọ́láyọ̀, tó ti gbọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, dé. Eérú kún ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró lókèèrè, kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ọ́," ni ó ń wí. "Má mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ́run. Máa lọ, ọmọ mi. Máa lọ."

 Ọ̀ṣuntọ́lá ló lọ gbá ọwọ́ ìyá náà mú, tó fà á, tó sì fi lé ikùn ọmọ rẹ̀. Mọ́láyọ̀ pariwo. Ó ń já ara rẹ̀ gbà.

"Ẹ mú ibẹ̀ dáadáa, Ìyá! Ẹ ti tọ́jú òkú rí. Èwo nínú wọn ló ń sanra?"

Ìka ìyá náà dúró. Ẹran rírọ̀ wà níbẹ̀, ó nípọn tó àtàǹpàkò, ó sì gbóná. Kò fi í sílẹ̀. Ó fọwọ́ wá ìhà, ó fọwọ́ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé ẹ̀yìn ọrùn.

"Ibí yìí ló sanra jù nígbà tí mo bí i," ni ó wí. "Ó yè. Ẹ gbọ́ o, ọmọ mi yè."

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Irun ta ni mo wá sin? Ọmọ ta ni mo ń gbé oúnjẹ fún láràárọ̀?"

 Atẹ́gùn òjò fẹ́ kọjá láàárín wọn. Ajíbóyè, tó ti ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ abà, jáde wá.

"Ìyá ọkọ, ìgbà wo ni kí n máa retí àwọn ẹbí yín?"

"Ọjọ́ márùn-ún òní."

Nígbà tó ku àwọn méjì, Ògúnbọ̀dé ní, "Ara yìí nìkan ni mo ní, ìwọ lo sì bọ́ ọ."

"Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbé e fún obìnrin mìíràn."

"Bí òmíràn bá tún ti ojú ogun dé, tó tutù, tí ilé rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ńkọ́?"

Ọ̀ṣuntọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A óò fún un lóúnjẹ," ni ó wí. "Àwa méjèèjì."