Ère Oníbọn

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ìbọn ni Bàbá-àgbà gbé?"

Agbẹ́gilére gbé òòlù sílẹ̀, ó ń wo ojú ọmọbìnrin kan tó wá bá a. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun fẹ́ gbé ère bàbá-àgbà rẹ̀ sí yàrá tuntun. Bàbá-àgbà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun, nítorí náà wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ àwọn lọ bá àwọn sọ ọ́.

Ọmọ náà mọ òótọ́. Bàbá-àgbà kò yìnbọn rí. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pọn àwọn tí ọta ìbọn bà kúrò lójú ogun. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ní kíláàsì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Ọmọ Apọnmọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín á pọn báàgì ìwé rẹ̀, á máa jó kiri, á ní, "Sójà, má sunkún mọ́!" Gbogbo wọn ló sì ń bọ̀ wá wo ère yìí.

"Ó dá mi lójú, sà. Àwọn ni wọ́n ṣíwájú ogun."

"Nǹkan mìíràn ni mo gbọ́ o." Agbẹ́gilére rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ìbọn á gbé ère yọ ju ẹ̀yìn títẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ kì í kọ iyọ̀ díẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà, ère ga, ó yọ àyà síwájú, ó na ìbọn. Ẹlẹ́rìn-ín kò rí ẹ̀rín rín. Inú ọmọ náà dùn dẹ́yìn. Bàbá-àgbà wo ère náà títí.

Ni arúgbó kan tó ku ẹsẹ̀ kan bá fi ọ̀pá wọlé, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ó dì mọ́ Bàbá-àgbà. Lẹ́yìn náà ó yí ère po, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi dà?" ó béèrè. "Ẹ̀yìn yín ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi pé wọ́n á rí mi níbí."

Bàbá-àgbà yíjú sí ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n rọra sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ tí mo ṣe ń tì ọ́ lójú ni?"

Ojú gbà á tì. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ó kọjú sáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Bàbá-àgbà mi ò yìnbọn rí. Èèyàn ni wọ́n pọ̀n."

Ẹlẹ́rìn-ín wolẹ̀. Agbẹ́gilére ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ohun tó wù mí ni mo gbẹ́." Ó yọ ìbọn kúrò, ṣùgbọ́n igi tí a ti gbẹ́ kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Àfi kí ó gbẹ́ òmíràn.

"Ẹ má yọra yín lẹ́nu," arúgbó náà wí. "Màá padà wá."

Kò padà wá. Nígbà tí ère tuntun dé, ère ẹni tó pọn ẹnìkejì rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló wá, nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ọmọbìnrin náà kí wọn, kò lè gbójú sókè.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ bá irọ́ tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò bá ẹni tí wọ́n fi irọ́ yọ kúrò nínú ìtàn láyé mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bu ẹwà èké sí ìtàn àwọn tó ṣáájú yín. Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ni iyì wọn wà.